Ọmọ tó ń béèrè "kí ló dé?" láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí ló ń wá gan-an?

Bí àwọn òbí bá wá mú ọmọ wọn lẹ́nu géètì ilé ìwé wa ní Kubwa, l'Abuja, ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń rò fún mi. "Àǹtí, ọmọ yìí ń béèrè ọ̀rọ̀ jù. Mo dáhùn ọ̀kan, ó tún mú méjì wá. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ máa rí mi fín báyìí?" Ẹjọ́ àwọn mìíràn gba ibòmíràn yọ: ọmọ ti tú rédíò bàbá rẹ̀, ó ti da gààrí sínú omi ìfọṣọ, ó ti fẹ́ ki ṣíbí bọ ihò iná. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́n. Owó gọbọi ni wọ́n ń san kí ó lè gbọ́n. Síbẹ̀, ohun tí ọmọ máa ń ṣe kí ó tó gbọ́n, òun gan-an ló ń bí wọn nínú.

Mi ò dá wọn lẹ́bi, torí ọ̀rọ̀ náà díjú. Ìfẹ́ ọmọ láti mọ nǹkan, ẹ̀kọ́ ilé àti àárẹ̀ òbí ti lọ́ mọ́ ara wọn, a kì í sì í mọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ mú. Mo fẹ́ tú wọn ká bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, torí ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ ọdún mẹ́ta tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ti kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ń mú ọmọ béèrè. Ní ọdún 1994, George Loewenstein, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ìfẹ́ láti mọ nǹkan máa ń jí nínú èèyàn nígbà tó bá rí àlàfo láàrin ohun tó ti mọ̀ àti ohun tó kù tí kò tíì mọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá nípa ọ̀rọ̀ kan kì í ṣàfẹ́rí rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tán kì í ṣàfẹ́rí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dé ìdajì ni ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ọmọ ọwọ́ pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí Celeste Kidd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2012, wọ́n fi àwòrán han àwọn ọmọ oṣù méje sí mẹ́jọ. Èyí tó rọrùn jù, àwọn ọmọ gbójú kúrò lára rẹ̀. Èyí tó díjú jù, wọ́n gbójú kúrò níbẹ̀ náà. Èyí tó wà láàrin méjì ni wọ́n tẹjú mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn òbí pé ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ ti mọ púpọ̀ ná. Ẹ mú ọmọ tó jókòó sẹ́yìn mọ́tò lálẹ́ lójú márosẹ̀ Kubwa, tó ní, "Dádì, kí ló dé tí òṣùpá ń tẹ̀ lé wa?" Kí ó tó lè béèrè bẹ́ẹ̀, ó ti wo òpó iná, ó ti wo igi, ó ti wo ilé, ó sì ti rí i pé gbogbo wọn ń sá sẹ́yìn bí mọ́tò ṣe ń lọ. Ó wá ṣàkíyèsí pé ohun kan ṣoṣo ni kò sá sẹ́yìn. Iṣẹ́ ìwádìí ni ọmọ ọdún mẹ́rin ti ṣe lórí ìjókòó yẹn, láìsí ẹni tó rán an. Ìdáhùn rẹ̀ kò sì le. Òṣùpá jìnnà sí wa gan-an, nǹkan bíi kìlómítà 384,000, nítorí náà ìrìn láti Wuse dé Kubwa kò tó ohun tó lè yí ibi tí a ti ń rí i padà. Òpó iná ní tiẹ̀ wà nítòsí, kíá la ti kọjá rẹ̀. Tí ọmọ bá ní òun ò gbà, ẹ dúró di ọ̀sán, kí ẹ ní kó máa wo òkè Zuma tí ẹ bá ń lọ lójú ọ̀nà Kaduna. Òkè ńlá náà á dà bíi pé ó ń bá yín rìn, nígbà tí àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà ń sá lọ.

Àwọn baba ńlá wa mọ ọgbọ́n àlàfo yìí kí ìwé tó dé. Òun ni wọ́n fi ṣe àlọ́ àpamọ̀. "Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?" Ọmọ ti mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá lójúde ọba láìkí ọba. Kí ló wá lè kọjá? Àlàfo ti ṣí nìyẹn, ẹni tó ń pa àlọ́ kò sì ní sáré dí i. Ọmọ á ní mọ́tò, wọ́n á ní rárá. Á ní ewúrẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó tún rò ó wò. Nígbà tí wọ́n bá fi máa sọ pé àgbàrá òjò ni, ọkàn ọmọ ti rìn jìnnà. Ilé Yorùbá tó wà ní Lugbe tàbí Mararaba, tí kò ní ohun ìṣeré olówó ńlá kankan, ní àlọ́. Bí ẹ bá ti gbàgbé tiyín, ẹ pe ìyá àgbà lórí fóònù. Inú wọn á dùn láti pa á fún ọmọ-ọmọ wọn.

Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ náà ń béèrè. Ọwọ́ ló fi ń béèrè. Ní ọdún 2015, Aimee Stahl àti Lisa Feigenson ti Yunifásítì Johns Hopkins dọ́gbọ́n kan fún àwọn ọmọ oṣù mọ́kànlá. Wọ́n ṣe é bíi pé bọ́ọ̀lù la ògiri kọjá. Fún àwọn mìíràn, wọ́n ṣe é bíi pé mọ́tò ìṣeré dúró lófuurufú láìsí ohun tó gbé e ró. Nígbà tí wọ́n wá kó àwọn nǹkan náà fún àwọn ọmọ, àwọn tó rí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í fi í gbá nǹkan, àwọn tó rí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sílẹ̀. Kálukú ń dán ohun tó yà á lẹ́nu wò. Ṣé bọ́ọ̀lù yìí le lóòótọ́? Ṣé mọ́tò yìí kì í já bọ́ ni? Ọmọ tó da gààrí sínú omi ìfọṣọ ti lè rí i lánàá pé gààrí wú nínú abọ́ yín. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá á wú nínú omi yìí náà.

Mi ò ní kí ẹ jẹ́ kó máa da gààrí nù o, pàápàá pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta kóńgò báyìí. Ohun tó lè pa ọmọ, ẹ dènà rẹ̀ láìbá a jíròrò: ihò iná, sítóòfù gáàsì, dúrọ́ọ̀mù tí ẹ ń tọ́jú omi mẹ́rúwà sí. Ẹ dé dúrọ́ọ̀mù yẹn pa, kí ẹ má sì fi báàfù omi sílẹ̀ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, torí omi tí kò ju orúnkún lọ lè pa á. Ohun tó kàn ń dọ̀tí ilé lásán, ẹ wá ààyè fún un. Ìkòkò àtijọ́ kan, ife méjì, omi díẹ̀ àti ẹ̀kúnwọ́ yanrìn lẹ́yìn ilé á gba ọmọ náà ní ọ̀sán kan gbáko.

Ní ti iye ìbéèrè, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ tiyín kò yàtọ̀. Michelle Chouinard yẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọdé kan ń bá òbí wọn sọ wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Nígbà tí ọmọ bá ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ìbéèrè tó fi ń wá ìmọ̀ nìkan tó nǹkan bíi 76 ní wákàtí kan. "Ṣé mo lè lọ ṣeré?" kò sí lára rẹ̀, "ẹ fún mi ní bisikí" kò sí lára rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, "kí nìyí?" ló máa ń pọ̀. Bí ọmọ bá dàgbà díẹ̀ sí i ni "kí ló dé?" àti "báwo?" á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dé.

Ohun tó ń mú òbí gbaná jù ni kí ọmọ béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwádìí kan wà tó là mí lójú gan-an lórí èyí. Brandy Frazier, Susan Gelman àti Henry Wellman gbé e jáde ní ọdún 2009. Wọ́n wo ohun tí ọmọ máa ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá a lóhùn. Tí wọ́n bá ṣàlàyé fún un lóòótọ́, á gbà, tàbí kó béèrè ohun tó tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá fún un ní ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe àlàyé, á tún ìbéèrè kan náà béèrè, tàbí kó hun àlàyé tirẹ̀. Torí náà, bí ọmọ bá tẹnu mọ́ ìbéèrè kan, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìdáhùn tí ẹ fún un wò kí ẹ tó yẹ ìwà rẹ̀ wò. "Torí mo ní bẹ́ẹ̀" kì í ṣe àlàyé. "Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn" jẹ́ òtítọ́ fún èmi tí mo gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kò béèrè ẹni tó dá a. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká fi ọyẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, torí kò sí ọmọ tó ń dàgbà ní Abuja, Kaduna tàbí Jos tí ọyẹ́ kì í yà lẹ́nu. Ọmọ ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ètè mi ń la?" Ẹ lè ní, "Ọyẹ́ ni, gbẹ́nu ẹ dákẹ́." Ẹ sì lè sọ fún un pé láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ kan máa ń fẹ́ wá láti ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà. Erùpẹ̀ tó ń gbé bọ̀ ló ń mú kí ojú ọjọ́ funfun, tí a kì í fi í rí òkè Aso dáadáa ní àwọn òwúrọ̀ kan. Ibi tó gbà kọjá kò lómi, nítorí náà afẹ́fẹ́ náà gbẹ. Ibikíbi tó bá ti bá omi pàdé, á fà á: lára aṣọ tí ẹ sá, lára ilẹ̀, lára ètè ọmọ. Àlàyé ti parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó parí lọ́rọ̀ ẹnu. Ẹ fi òrí pa ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún láàárọ̀, ẹ fi òsì sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ẹ ní kó fi ọwọ́ kan ìkejì, kó sọ fún yín ohun tó rí. Bí ó bá béèrè ibi tí òrí ti ń wá, igi ẹmi ni, ó sì pọ̀ nínú igbó Ìpínlẹ̀ Niger tó múlé gbè wá. Ọmọ tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tó máa tún kọ́ ọ ní ọyẹ́ mọ́.

Àwọn òbí kan á ní àwọn ò kàwé tó láti dáhùn gbogbo èyí. Kò pọn dandan kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ wo alángbá orí ògiri. Ọmọ ní, "Kí ló ń mi orí sí?" Ẹ ní, "Èmi náà ò mọ̀. Kí ni ìwọ rò?" Ó lè ní ó ń gbà pẹ̀lú wa. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ jókòó wò ó. Èwo nínú wọn ló ń mi orí jù? Á rí i pé èyí tí orí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí ara rẹ̀ dúdú bí aró ni, akọ nìyẹn. Kí ló ń ṣe tí akọ mìíràn bá gun ògiri náà? Á gbé àyà sókè, á sì túbọ̀ máa mi orí. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè sọ fún yín pé ó ń lé ẹnì kejì kúrò ní ààyè rẹ̀ ni, ohun tí àwọn onímọ̀ sì sọ nìyẹn, pẹ̀lú pé ó tún fi ń pe abo. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá fi òwe alángbá tó já láti orí ìrókò, tó ní bí ẹnikẹ́ni ò yin òun, òun á yin ara òun, kún un. Ọmọ lè gbọ́ méjèèjì láìda ọ̀kan pọ̀ mọ́ ìkejì.

Ẹ má sáré fa fóònù yọ. Fóònù á dáhùn kí ọmọ tó rò ó, a sì ti rí i nínú àlọ́ pé rírò yẹn gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mẹ́nu lé ohun tó rò ná, kí ẹ wá jọ yẹ fóònù wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó máa ń ya àwa olùkọ́ pàápàá lẹ́nu: ẹ̀kọ́ tí a bá fi sáré jù lè dí ojú ọmọ. Ní ọdún 2011, Elizabeth Bonawitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun ìṣeré kan tó lè ṣe oríṣiríṣi nǹkan: apá kan ń ké, apá kan ń tan iná, òmíràn ń kọrin, dígí sì fara pamọ́ sínú ọ̀kan. Àwọn ọmọ kan, olùkọ́ sọ fún wọn pé, "Ẹ wò ó, bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí," ó sì fa èyí tó ń ké. Níwájú àwọn mìíràn, ó ṣe bíi pé ọwọ́ òun ṣèèṣì kàn án. Àwọn tí wọ́n kọ́ kò wá ohun mìíràn púpọ̀, wọ́n gbà pé olùkọ́ ti sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn tí wọn ò kọ́ yí i sókè yí i sódò, wọ́n sì rí púpọ̀ sí i. Èyí kò sọ pé ká má kọ́ ọmọ. Ó ń sọ pé tí ẹ bá ra ohun ìṣeré wálé láti Wuse, ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ kúrò níbẹ̀ ná. Tí ẹ bá sì ń kọ́ ọ ní nǹkan kan, ẹ fi kún un pé, "Ó ṣeé ṣe kó tún ní ohun mìíràn tó lè ṣe. Wá a wò."

Ẹ̀bùn náà gba ìṣọ́ra. Ní ọdún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett mú àwọn ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán yíyà, wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún àwọn kan lára wọn bí wọ́n bá yà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àkókò tí àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún ń lò nídìí àwòrán kò ju bí ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe ṣèlérí súìtì fún ọmọ tó bá béèrè ọ̀rọ̀. Ó ti fẹ́ béèrè tẹ́lẹ̀ láìgbowó.

Níbo ni ọmọ ti ń béèrè jù? Ọ̀pọ̀ òbí á ní nílé ìwé, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń sanwó sí. Barbara Tizard àti Martin Hughes tẹ̀ lé àwọn ọmọbìnrin 30 tó tó ọmọ ọdún mẹ́rin ní London, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ nílé àti nílé ìwé. Ní ọdún 1984, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí jáde: nílé, lọ́dọ̀ ìyá wọn, àwọn ọmọ náà ń béèrè ìbéèrè bíi 26 ní wákàtí kan. Nílé ìwé, ó jẹ́ méjì. Ilé àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn kò pọ̀ wà lára wọn, ọ̀rọ̀ tó lọ́ràá sì wà níbẹ̀ náà. Olùkọ́ ni mí, kò sì rọrùn fún mi láti sọ èyí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ọmọ tó pọ̀ nínú kíláàsì kan kò lè rí olùkọ́ gbá mú bí ó ṣe lè rí ìyá rẹ̀ gbá mú nídìí ààrò.

Ẹ wá wo ìgbésí ayé wa níhìn-ín. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní àárín ìlú, tó ń gbé ní Mararaba tàbí Nyanya, ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ ń sùn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé e sínú mọ́tò. Lálẹ́, ó tún ti ń tòògbé. Àkókò tó kù ni inú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, ìgbà ìwẹ̀, àti ìgbà tí ẹ̀wà bá wà lórí iná. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó tó, tí a kò bá fi rédíò àti fóònù gbà á tán. Mo mọ ìyá kan tó ti pín in: bí wọ́n bá ti kọjá sójà Nyanya, ó di ìgbà ìbéèrè títí wọ́n á fi dé. Kí ó tó di ìgbà náà, ọmọ ń kó ìbéèrè rẹ̀ jọ. Bí ó bá rẹ̀ yín jù, ẹ sọ fún ọmọ pé ó rẹ̀ yín, kí ẹ dá ìgbà tí ẹ máa dáhùn, kí ẹ sì dáhùn nígbà náà. Ọmọ lè fara da ìdúró. Ẹni tó ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ ni kì í padà wá bi léèrè mọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Abuja ló ti sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè inú ilé nítorí ọmọ. Ọmọ ń gbọ́ Hausa àti píjìn lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò, ó sì ń gbọ́ Yorùbá nígbà tí Dádì àti Mọ́mì bá ń jà. Ohun tí mo ń rí ni pé òbí tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ máa ń gé àlàyé kúrú, torí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ìyá tó lè fi Yorùbá sọ bí iyán ṣe ń di iyán, láti orí iṣu dé inú odó, á kàn ní, "It is yam," á sì dákẹ́. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára wọn. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èdè tí ẹ lè fi ṣàlàyé dé gbòǹgbò, òun ni kí ẹ fi dáhùn. Bí ọmọ bá sì fi Hausa bẹ̀rẹ̀, tó ní "me ya sa," ìyẹn "kí ló dé," tó wá fi Yorùbá parí rẹ̀, ẹ dáhùn ọ̀rọ̀ ná. Àtúnṣe èdè lè dúró.

Ó wá ku ẹ̀kọ́ ilé, tó jẹ́ ẹ̀rù tó tóbi jù lọ́kàn àwọn òbí wa. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ọmọ tó ń béèrè lónìí ló máa já àgbà láyà lọ́la. Lójú mi, bí a ṣe ń béèrè yàtọ̀ sí bóyá a lè béèrè. Ẹ kọ́ ọmọ ní àkọ́kọ́, kí ẹ má gba ìkejì lọ́wọ́ rẹ̀. Tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kó dúró. Tó bá fẹ́ béèrè, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ bí ilé yín ṣe ń ṣe é, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ béèrè nǹkan." Àwọn tó sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, àwọn kan náà ló kọ́ wa ní ìdọ̀bálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ wà lọ́jà, ọmọ sì na ìka, ó pariwo pé, "Mọ́mì, kí ló dé tí màmá yẹn gbé igi lé èjìká? Kí ló dé tí wọn ò rù ú lórí?" Ojú ń tì yín, ọwọ́ yín ti fẹ́ lọ sí etí rẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni ó béèrè. Nína ìka àti ariwo ni kò dára. Ẹ mú ìka rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ sọ pé àwọn Gbagyi nìyẹn, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwari. Wọ́n ti wà lórí ilẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba tó yan ibẹ̀ fún olú ìlú ní ọdún 1976. Èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù bí àwa ṣe ń fi orí rù ú. Bí màmá náà bá dúró sinmi, ẹ lè mú ọmọ lọ kí i, "Sannu, Mama," kí ẹ sì jẹ́ kó béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọmọ á kọ́ ìkíni, á kọ́ ìtàn ìlú tó ń gbé, á sì kọ́ pé a kì í fi èèyàn ṣe ìran wò.

Èèwọ̀ ilé wa náà ní ìdí. "Má jókòó sórí odó." Kí ló dé? Inú rẹ̀ ni a ti ń gún ohun tí a óò jẹ, kò sì yẹ kí ìdí kàn án. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ. Á pa á mọ́ ju bí ẹ bá sọ pé nǹkan burúkú á ṣẹlẹ̀ sí i lọ.

Ìbéèrè kan le fún wa níhìn-ín ju ibòmíràn lọ. Ọmọ rí sójà tó ń yẹ mọ́tò wò lójú ọ̀nà Kaduna, tàbí ó gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa àwọn tí wọ́n jí gbé. "Ṣé wọ́n máa jí èmi náà?" Ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́, torí ẹ ti gbọ́ pé ọmọ tí kò rí àlàyé máa ń hun tirẹ̀, tirẹ̀ sì lè bani lẹ́rù ju òtítọ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó gbọ́. Ẹ sọ òtítọ́ tó mọ ní ìwọ̀n rẹ̀: àwọn èèyàn burúkú kan wà, àwọn sójà dúró síbẹ̀ láti dènà wọn, Dádì àti Mọ́mì sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe láti tọ́jú rẹ. Ìwọ̀nba tó béèrè ni kí ẹ dáhùn.

Ní ti ọmọ tí kì í béèrè rárá, ẹ má ṣe yọ̀ pé ó jẹ́jẹ́ kí ẹ tó wò ó dáadáa. Ọmọ mìíràn ń fi ojú àti ọwọ́ wádìí, kò kàn fẹ́ràn ariwo ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pé oṣù méjìdínlógún tí kì í fi ìka tọ́ka sí ohun tó wù ú láti fi hàn yín, tàbí tí kì í yíjú bí ẹ bá pè é, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má dúró de kí ó "dàgbà sí i."

Ilé ìwé ló kù. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé lára ohun tí ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré wà fún ni kí a gbin ẹ̀mí ìwádìí sí ọmọ nínú, nípa wíwo ohun tó yí i ká, iṣẹ́ ọnà, orin àti ohun ìṣeré. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún un. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fi táìsì ilẹ̀ àti ọ̀dà ara ògiri sílẹ̀. Ẹ fetí sí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀: tó bá jẹ́ olùkọ́ nìkan, ẹ ti rí nǹkan. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó dáhùn lódì. Ẹ wá yanrìn, ewé, omi, ohun tí ọmọ lè fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá rí ọ̀gá ilé ìwé, ẹ bi wọ́n pé, "Kí ni ọmọ kan béèrè lọ́sẹ̀ yìí tí olùkọ́ yín ò mọ̀, kí ló sì ṣe?" Ilé ìwé tó bá rí èyí dáhùn láìronú pẹ́, ẹ kọ orúkọ ọmọ yín síbẹ̀.